“Mo Ti Sọ Fún Ọ”: Ibi Tí Ọ̀rọ̀ Ti Ń Sọnù Láàárín Ẹni Méjì

Ẹ ti gbọ́ irú àríyànjiyàn yìí rí. Ẹnì kan ní, “Mo sọ fún ọ.” Èkejì ní, “O ò sọ fún mi.” Ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í ròkè, wọ́n á máa búra, ẹni tó bá sì ń wò wọ́n láti ẹ̀gbẹ́ á gbà pé ọ̀kan nínú wọn ń parọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí òpùrọ́ níbẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ sọ ọ́ lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹnì kejì kò gbọ́ ọ lóòótọ́. Ohun tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tó kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó sọ ọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà lójú ọ̀nà ni mo fẹ́ ká jọ wò.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Mo fẹ́ràn òwe yìí, mo sì ti fi í gba ara mi sílẹ̀ nígbà tí mi ò fẹ́ ṣàlàyé púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún un wò. Òwe náà ní àbọ̀ yóò di odindi. Kò sọ pé odindi tó dà nínú olùgbọ́ ni odindi tó wà nínú ẹni tó sọ ọ́. Ẹni tó gba àbọ̀ ọ̀rọ̀ á fi nǹkan tirẹ̀ kún un: ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tó ń bà á lẹ́rù, ohun tó ń retí. Bí ohun tó fi kún un bá bá tiyín mu, ẹ ti gbọ́ra yín yé. Bí kò bá bá a mu, ẹ̀yin méjèèjì á ṣì máa rò pé ẹ ti gbọ́ra yín yé. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Ìdí kan tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń rú àwọn ènìyàn lójú ni àwòrán tí wọ́n fi ń kọ́ni. Bí ẹ bá ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìbánisọ̀rọ̀ rí, ẹ máa rántí rẹ̀: ẹnì kan ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́, iṣẹ́ náà ń gba ojú ọ̀nà kan kọjá, ariwo ń dí i lọ́wọ́, ẹlòmíì ń gbà á lódìkejì. Inú iṣẹ́ Claude Shannon ni àwòrán náà ti wá, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà tó ń bá Bell Labs, iléeṣẹ́ ìwádìí nípa tẹlifóònù, ṣiṣẹ́, tó gbé iṣẹ́ náà jáde ní 1948. Ohun tó ń wá ni bí iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ ṣe máa gba inú wáyà kọjá láìbàjẹ́. Ó rí i ṣe, débi pé fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì òde òní ṣì ń jẹun lára ọgbọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n Shannon fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kò kan ìṣòro tí òun fẹ́ yanjú. Kí ni wáyà fẹ́ fi ìtumọ̀ ṣe? Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni o, èébú ni o, bákan náà ni wáyà ń gbé wọn. Àwa la wá mú àwòrán wáyà, tí a ń fi ṣàlàyé ènìyàn. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ gbà pé bí ariwo kò bá ti sí, tí etí sì ń gbọ́, ọ̀rọ̀ ti dé nìyẹn.

Ìdíwọ́ tó ń kéde ara rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n tètè mú àwọn tó hàn sí gbogbo ènìyàn kúrò lọ́nà. Ariwo wà: ẹ̀rọ tó ń dún, èrò tó pọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń já. Èdè wà: ẹni tí kò gbọ́ èdè yín kò gbọ́ ọ, kò sì lè díbọ́n títí. Àárẹ̀ wà, oorun wà. Ìṣòro ni gbogbo wọn, àmọ́ ìwà rere kan wà lára wọn: wọ́n máa ń kéde ara wọn. Bí ariwo bá bo ohùn yín mọ́lẹ̀, ẹ mọ̀, ẹ ó tún un sọ. Bí èdè kò bá papọ̀, ẹ ó wá ògbufọ̀, tàbí kí ẹ máa fọwọ́ júwe. (Kí ẹni tó ń fọwọ́ tàbí orí júwe ṣọ́ra o. Ní Bulgaria, mímì orí sókè sódò tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ fi ń sọ “bẹ́ẹ̀ ni” ni wọ́n fi ń sọ “rárá”.)

Ọ̀kan péré nínú wọn ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí òun máa ń fara pamọ́: etí tó ń rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìròyìn tó gbé jáde ní 2021 pé àwọn tí ìgbọ́ràn wọn ti dín kù dé àyè kan lé ní bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ láyé. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe adití. Díẹ̀díẹ̀ ni ìgbọ́ràn wọn ń lọ, ó sì sábà máa ń jẹ́ pé àwọn ìró tó tín-ín-rín ló ń kọ́kọ́ lọ, irú ìró “s” àti “f”. Nítorí náà, ẹni náà á gbọ́ pé ẹ ń sọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ ń sọ ni kò ní dá mọ̀. Ìtìjú á mú kó mi orí, kó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀yin á sì máa lọ, ọkàn yín balẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kíkígbe mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe é láǹfààní tó bí a ṣe rò. Ẹ jẹ́ kó rí ojú yín, kó rí ètè yín, nítorí ojú náà ń gbọ́ràn. Ní 1976, Harry McGurk àti John MacDonald fi hàn pé bí a bá ń wo ẹnu tó ń sọ “ga”, tí etí sì ń gbọ́ “ba”, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa gbọ́ “da”, ìró tí ẹnikẹ́ni kò sọ.

Orin tó ń dún nínú orí ẹnì kan ṣoṣo

Àwọn ìdíwọ́ tí kì í pariwo ló ń dà mí láàmú. Ní 1990, Elizabeth Newton, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, ṣe àyẹ̀wò kan tó rọrùn bí eré ọmọdé. Ó pín àwọn ènìyàn sọ́nà méjì. Àwọn kan á mú orin tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni, irú èyí tí wọ́n ń kọ níbi ọjọ́ ìbí, wọ́n á fi ìka lù ú sórí tábìlì. Wọn kò gbọdọ̀ kọ ọ́, wọn kò gbọdọ̀ kùn ún. Àwọn yòókù á tẹ́tí sí ìka tó ń kan tábìlì, wọ́n á sì dárúkọ orin náà. Newton wá bi àwọn tó ń lù ú pé mélòó ni wọ́n rò pé àwọn olùgbọ́ máa mọ̀. Wọ́n ní wọ́n máa mọ ìdajì rẹ̀. Orin 120 ni wọ́n lù. Mẹ́ta péré làwọn olùgbọ́ mọ̀.

Ẹ dán an wò pẹ̀lú ẹnì kan lónìí. Ẹni tó ń lù ú kò lè lù ú kí orin má máa dún nínú orí rẹ̀: ohùn rẹ̀ wà ńbẹ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wà ńbẹ̀, ibi tó ti ń lọ sókè àti ibi tó ti ń bọ̀ wálẹ̀, gbogbo rẹ̀ pé. Olùgbọ́ ní tirẹ̀ ń gbọ́ kó, kó, kó-kó, kó. Kò pẹ́ tí inú á fi máa bí ẹni tó ń lù ú. “Èwo ni kò yé ọ níbẹ̀? Gbogbo ayé ló mọ orin yìí!” Mo ti wà lápá ibẹ̀ rí, ojú sì tì mí nígbà tí wọ́n yí iṣẹ́ padà, tí èmi di olùgbọ́.

Lọ́dún kan ṣáájú àyẹ̀wò yìí, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Colin Camerer, George Loewenstein àti Martin Weber, ti fún irú nǹkan yìí ní orúkọ tí a lè pè ní ègún ìmọ̀. Bí ènìyàn bá ti mọ nǹkan, ó ti ṣòro fún un láti rántí bí àìmọ̀ rẹ̀ ṣe rí. Ẹ wo ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún àlejò: “Bó o bá ti dé ibi tí ilé alájà mẹ́ta yẹn wà tẹ́lẹ̀, yà sọ́tùn-ún.” Ilé tí wọ́n ti wó! Lójú ẹni tó ń júwe, ilé náà ṣì dúró gbọn-in. Ẹ wo dókítà tó ní èsì àyẹ̀wò jẹ́ “positive”. Nínú èdè iṣẹ́ rẹ̀, ohun tó ń wí ni pé àwọn rí àrùn náà. Aláìsàn gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń fi yin nǹkan níbòmíì, ó sì mí kanlẹ̀ pé ewu ti kọjá. Kò sí ariwo nínú yàrá náà, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, etí àwọn méjèèjì sì dá ṣáṣá.

Bóyá ẹ rò pé àjèjì nìkan lèyí ń bá jà. Mo rò bẹ́ẹ̀ rí. Ní 2011, Kenneth Savitsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde tó fi tọkọtaya wéra pẹ̀lú àwọn tí kò mọra rí. Wọ́n ní kí ẹnì kan sọ gbólóhùn tó lè ní ìtumọ̀ púpọ̀, kí ẹnì kejì sọ ohun tó ní lọ́kàn. Àwọn tọkọtaya kò mọ̀ ọ́n ju àwọn àjèjì lọ. Ohun tí wọ́n fi ju àjèjì lọ ni ìdánilójú pé ọkọ tàbí aya àwọn ti mọ ohun tí àwọn ń wí. Ìfẹ́ kò ṣí etí wọn. Ó mú wọn gbà pé kò sí ohun tó yẹ kí àwọn ṣàlàyé mọ́. Ẹnì kan nínú ilé á ní, “Yàrá yìí tutù o,” ohun tó ń wí ni pé kí ẹnì kejì pa fèrèsé dé. Èkejì á dáhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, ó tutù,” á sì máa bá ohun tó ń ṣe lọ. Ìjà ti bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló sì mọ̀ pé ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ méjì

Èyí tún sún mọ́ ègún ìmọ̀, ṣùgbọ́n ó fi nǹkan kan burú jù ú lọ. Níbi tí ẹ bá ti lo ọ̀rọ̀ tí olùgbọ́ kò mọ̀, ó ṣeé ṣe kó béèrè. Níbi tí ẹ bá ti lo ọ̀rọ̀ tó mọ̀, ṣùgbọ́n tó mọ̀ sí nǹkan mìíràn, kò ní béèrè láéláé. Ní ọjọ́ Ọjọ́rú kan, mo ní kí ọ̀rẹ́ mi wá bá mi ní “ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀”. Lójú tèmi, ti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni. Lójú tirẹ̀, ọ̀tunla ni. Ó dé, kò bá mi. Títí di òní ó ṣì ní èmi ni mi ò mọ ohun tí “tó ń bọ̀” túmọ̀ sí.

Ti ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀rín la fi parí rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1999, àjọ NASA, tó ń rí sí ìrìn-àjò ojú sánmà ní Amẹ́ríkà, pàdánù ọkọ̀ òfuurufú kan tí wọ́n rán lọ máa yí pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì po, nítorí pé àwọn ẹnjiníà apá kan ń fi ìwọ̀n pọ́n-ùn ṣírò agbára tí ẹ̀rọ ọkọ̀ náà ń fi tì í, àwọn apá kejì sì ń ka nọ́ńbà kan náà bí ẹni pé ìwọ̀n mìíràn tí wọ́n ń pè ní newton ni. Nọ́ńbà náà lọ, nọ́ńbà náà dé, ẹyọ kan kò sọnù nínú rẹ̀.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti Tenerife. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1977, bàálù ńlá méjì wà lójú ọ̀nà kan náà ní pápákọ̀ òfuurufú Los Rodeos, ní erékùṣù Tenerife tó jẹ́ ti Sípéènì. Ọ̀kan jẹ́ ti iléeṣẹ́ KLM láti ilẹ̀ Netherlands, èkejì jẹ́ ti iléeṣẹ́ Pan Am láti Amẹ́ríkà. Kùrukùru bo ibẹ̀ débi pé bàálù kan kò rí ìkejì, òṣìṣẹ́ tó ń darí wọn láti ilé ìṣọ́ kò sì rí ìkankan nínú wọn. Rédíò nìkan ló so wọ́n pọ̀. Awakọ̀ kejì nínú bàálù KLM sọ lórí rédíò lédè Gẹ̀ẹ́sì pé, “We are now at takeoff.” Gbólóhùn yìí lè túmọ̀ sí pé a ti dúró síbi tí a ó ti gbéra. Ó tún lè túmọ̀ sí pé a ti ń gbéra lọ báyìí. Ìtumọ̀ àkọ́kọ́ ni òṣìṣẹ́ náà gbọ́. Ìtumọ̀ kejì ni bàálù ń ṣe.

Òṣìṣẹ́ náà dáhùn pé “OK”. Ó dúró díẹ̀, ó wá fi kún un pé kí wọ́n ní sùúrù ná, òun máa pè wọ́n. Ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà, àwọn Pan Am sáré sọ lórí rédíò pé àwọn ṣì wà lójú ọ̀nà. Ohùn méjèèjì kọlu ara wọn. Ohun tó dé etí àwọn KLM ni “OK”, àti ìró fèrè kan tó bo ìyókù mọ́lẹ̀. Ènìyàn 583 ló kú lọ́jọ́ náà, kò sì tíì sí ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú tó pa tó bẹ́ẹ̀ nínú ìkọlura bàálù méjì.

Ẹnì kan tiẹ̀ fura. Ẹnjiníà tó wà nínú bàálù KLM béèrè bóyá àwọn Pan Am yẹn kò tíì kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀gá awakọ̀ dá a lóhùn pẹ̀lú ìdánilójú pé wọ́n ti kúrò. Kò tún un béèrè mọ́.

Ọ̀rọ̀ abẹ́ ahọ́n

Ìbéèrè ẹnjiníà yẹn ló mú wa dé ọ̀rọ̀ ipò àti ìbẹ̀rù. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ kì í sábà parọ́ fún ẹni tó wà lókè; ó kàn máa ń fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ohun tó jẹ́ ìkìlọ̀ lọ́kàn rẹ̀ á jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ìbéèrè. Ohun tó jẹ́ pàjáwìrì á jáde bí ìròyìn lásán.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1990, bàálù Avianca nọ́ńbà 52 tó ń bọ̀ láti Kòlóńbíà ń yí po lójú ọ̀run nítòsí New York, ó lé ní wákàtí kan tí wọ́n ti ní kí wọ́n dúró nítorí ojú ọjọ́ kò dára. Epo wọn ń tán lọ. Awakọ̀ kejì, tó ń bá àwọn tó ń darí bàálù sọ̀rọ̀, sọ fún wọn pé epo àwọn ń tán. Kò lo ọ̀rọ̀ “emergency” fún wọn rí, ọ̀rọ̀ tí òfin iṣẹ́ náà mọ̀ fún ewu ńlá. Létí ẹni tó ń darí bàálù púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, epo bàálù wo ni kì í ń tán nígbà tó bá fẹ́ balẹ̀? Epo tán pátápátá, bàálù já, ènìyàn 73 nínú 158 tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Wọ́n sọ òótọ́, wọ́n sì gbọ́ òótọ́ náà. Ìwúwo ọ̀rọ̀ ni kò dé.

Mi ò sọ pé ìbọ̀wọ̀ kò dára. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀gá tí inú máa ń bí nígbà tí wọ́n bá gbé ìròyìn burúkú wá ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ di etí ara rẹ̀, kò sì ní mọ̀, nítorí gbogbo ìròyìn tó ń dé bá a á máa dára ṣáá.

Ẹni tó ń gbọ́ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀

Láti ìgbà tí mo ti ń bọ̀, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni mò ń bá wí jù. Olùgbọ́ náà ń ṣe ohun kan tí kò mọ̀ pé òun ń ṣe. Tanya Stivers àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí èdè mẹ́wàá tó jìnnà síra wọn gan-an, wọ́n sì gbé e jáde ní 2009. Nínú ìtàkùrọ̀sọ, àlàfo tó máa ń wà láàárín ìgbà tí ẹnì kan dákẹ́ àti ìgbà tí ẹnì kejì gba ọ̀rọ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n kí ọpọlọ tó ṣètò ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti sọ, ó ń gbà tó ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ dáhùn ní àsìkò gbọ́dọ̀ ti máa to èsì rẹ̀ jọ nígbà tí ẹnì kejì ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ní ẹ kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ tán kí ẹ tó fèsì, kì í ṣe ìwàkiwà yín nìkan. Bí ẹ̀dá ṣe rí ni. Àmọ́ ìparí gbólóhùn ni “ṣùgbọ́n” sábà máa ń wà, ibẹ̀ náà sì ni etí ti ń rẹ̀.

Bí inú bá wá ń bíni, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí inú ń bí ti mọ ohun tí ẹnì kejì fẹ́ sọ kó tó sọ ọ́, èyí tó bá sì jọ ọ́ nìkan ló máa gbọ́. Mi ò rí oògùn fún èyí ju pé kí wọ́n dákẹ́ di ọjọ́ kejì.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, lẹ́tà kò lójú

Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí à ń bára wa sọ báyìí, orí fóònù la ti ń tẹ̀ ẹ́. Ohùn kò sí ńbẹ̀, ojú kò sí ńbẹ̀. Ní 2005, Justin Kruger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn kan fi í-meèlì ránṣẹ́, àwọn gbólóhùn kan ní tòótọ́, àwọn mìíràn ní àwàdà abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn tó kọ ọ́ gbà pé nǹkan bíi mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni olùgbà máa mọ èyí tó jẹ́ àwàdà yàtọ̀. Ohun tí wọ́n mọ̀ fi díẹ̀ ju ìdajì lọ; bí wọ́n bá kàn ju owó ẹyọ sókè láti fi mú èsì, ìyàtọ̀ kò ní pọ̀. Orin orí tábìlì náà nìyí o. Ẹni tó ń kọ ọ́ ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́, ó sì gbà pé ohùn náà bá lẹ́tà lọ.

Àwa tí à ń kọ Yorùbá láìfi àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà sí i tún ti fi kún un. Ẹ kọ “Mo ti ra oko” ránṣẹ́ sí ẹnì kan. Ṣé oko ni, àbí ọkọ̀, àbí ọkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ á ní ọkọ lẹ rà. Bí a bá ń sọ ọ́ lẹ́nu, ọmọ kékeré kò ní ṣì í gbọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má wá fi èyí ti irọ́ kan lẹ́yìn tó ti tàn kálẹ̀: pé ìdá 7 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀rọ̀ ẹnu fi ń gbé ìtumọ̀, pé ohùn ló ń gbé 38, ojú àti ara ló ń gbé 55 yòókù. Inú ìwádìí méjì tí Albert Mehrabian ṣe ní 1967 ni wọ́n ti fa nọ́ńbà náà yọ. Ohun tó ń wò ni bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ẹnì kan fẹ́ràn ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ tàbí kò fẹ́ràn rẹ̀, pàápàá nígbà tí ọ̀rọ̀ àti ìrísí kò bára mu. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan àti àwòrán ojú ló lò. Mehrabian fúnra rẹ̀ ti sọ pé kò ṣeé mú lò fún gbogbo ọ̀rọ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin ì bá máa wo fíìmù ní èdè tí ẹ kò gbọ́, kí ìdá 93 nínú rẹ̀ sì yé yín.

“Ṣé ó yé yín?”

Ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn ń lò láti fi mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn, òun náà sì ni kò wúlò jù lọ. Ta ló fẹ́ sọ pé kò yé òun? Ẹni tí kò yé pàápàá lè máa rò pé ó yé òun, nítorí odindi kan ti wà nínú rẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé kì í ṣe odindi tiyín ni.

Nílé ìwòsàn, ọ̀pọ̀ dókítà àti nọ́ọ̀sì ti ń yí ìbéèrè náà padà. Wọ́n ní ìdí. Nínú àkójọ ìwádìí tí Roy Kessels gbé jáde ní 2003, ìdá 40 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n sọ fún aláìsàn ló ti ń gbàgbé lójú ẹsẹ̀, ohun tó sì rántí, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ kì í bọ́ sí i bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Nítorí náà, wọ́n á ní kí aláìsàn sọ ọ́ padà lọ́rọ̀ ara rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń béèrè rẹ̀ ló dùn mọ́ mi: “Mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá délé, báwo lẹ ṣe máa sọ fún wọn pé ẹ ó ṣe lo oògùn yìí?” Dókítà gbé àṣìṣe náà lé orí ara rẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀. Ojú kò ní ti ẹnikẹ́ni. Mo ti ń lò ó fún nǹkan kéékèèké: “Rán mi létí, ọjọ́ wo ni mo ní ká pàdé?” Ó ń gba àkókò díẹ̀, àwọn ará ilé mi sì ti ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n sísọ ọ̀rọ̀ padà kì í ṣe oògùn bí ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kò bá tẹ́tí sí ohun tí wọ́n ń sọ padà fún un. Àwọn awakọ̀ ti ń ṣe é tipẹ́tipẹ́. Kódà ní Tenerife, awakọ̀ kejì KLM sọ àlàyé tí wọ́n fún wọn nípa ọ̀nà tí wọ́n máa tọ̀ padà fún òṣìṣẹ́ ilé ìṣọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló so gbólóhùn kúkúrú yẹn mọ́ ọn, òun ni òṣìṣẹ́ náà sì dá “OK” lóhùn.

Lẹ́yìn ìjàǹbá náà, wọ́n yọ “OK” àti irú rẹ̀ kúrò nínú ohun tí wọ́n fi ń fèsì. Ẹni tí wọ́n bá fún ní àṣẹ gbọ́dọ̀ sọ kókó inú rẹ̀ padà. Wọ́n sì pa ọ̀rọ̀ “takeoff” tì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìgbà tí ilé ìṣọ́ bá ń fún bàálù láṣẹ pé kó gbéra nìkan ni wọ́n ń dárúkọ rẹ̀, tàbí ìgbà tí wọ́n bá ń gba àṣẹ náà padà. Bí kò bá ti jẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì yìí, “departure” ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ìlọ, kódà bí bàálù bá ti dúró síbi tó ti máa sáré, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ti ń ké.